Mọ́tò Tòkunbọ̀, Eruku Òkè-Ògùn àti Ọ́ìlì Olówó Gọbọi

Láàárín àwọn awakọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òfin láìsí ẹni tó ṣe é: pé mọ́tò tó bá ti lo ọ́ìlì sintẹ́tíìkì kò gbọdọ̀ padà sí ọ́ìlì lásán mọ́, àti pé èyí tó bá ti gbó sórí ọ́ìlì lásán, sintẹ́tíìkì ni yóò bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń ná èèyàn lówó. Àwọn kan ń ra ọ́ìlì tí agbára wọn kò ká, nítorí pé ẹni tó ta tòkunbọ̀ fún wọn sọ pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i lókè òkun. Àwọn míì ń sá fún ọ́ìlì tí ìbá ṣe ẹ́ńjìnnì wọn lóore. Èrò tèmi ni pé kò séwu nínú kí èèyàn ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kó sì tún padà nígbà tó bá wù ú. Ipò tí ẹ́ńjìnnì wà àti irú ọ̀nà tó ń rìn ló yẹ kó pinnu èyí tí a ó rà, ọ̀nà Òkè-Ògùn sì ní ohun tirẹ̀ láti sọ níbẹ̀.

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fọ ọ́ìlì lásán jáde, nítorí náà àwọn èròjà inú rẹ̀ tóbi jura wọn lọ. Ti sintẹ́tíìkì, ilé iṣẹ́ ló tún un tò kí àwọn èròjà náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè bàjẹ́ nínú ooru, tí kì í sì í tètè ki nínú òtútù. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ààlà àárín wọn kò le tó bí a ti rò. Lọ́dún 1999, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ọ́ìlì Mobil fẹjọ́ Castrol, akẹgbẹ́ rẹ̀, sun ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìpolówó ọjà pé epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ ni Castrol ń pè ní sintẹ́tíìkì. Ìgbìmọ̀ náà dá Castrol láre, látìgbà yẹn sì ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń san owó sintẹ́tíìkì lé lórí ti ń ti inú epo rọ̀bì wá. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ń po méjèèjì pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan, wọ́n ń tà á ní semi-synthetic. Yàtọ̀ sí èyí, bí mẹkáníìkì bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ ló ń dà jáde. Díẹ̀ á kù sínú àwọn ihò tóóró, tuntun á sì bá a níbẹ̀. Kò sígbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì tí a kò po ọ́ìlì méjì pọ̀. Kódà API, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fi í sára ìdánwò rẹ̀ pé kí ọ́ìlì lè dà pọ̀ mọ́ òmíràn láìyapa.

Ìbẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá o. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí sintẹ́tíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọjà (ọdún 1974 ni Mobil 1 jáde), àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ́ kí rọ́bà ọ́ìlì síìlì súnkì tàbí kó wú, ọ́ìlì á sì máa jò. Wọ́n ti fi èròjà míì tún èyí ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá sì sọ pé òun fojú ara òun rí mọ́tò àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí wọ́n da sintẹ́tíìkì sí i kò purọ́. Ṣùgbọ́n síìlì náà ti gan tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tí ọ́ìlì àtijọ́ fi sílẹ̀ ló dí ojú ibẹ̀, ọ́ìlì tuntun sì fọ̀ ọ́ kúrò. Síìlì ni kí a pààrọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn mẹkáníìkì tó ní ilẹ̀ wa gbóná, pé ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 ló yẹ ẹ́, sintẹ́tíìkì ti ṣàn jù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn W ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Níbẹ̀, 5W-30 sintẹ́tíìkì àti 5W-30 lásán wà nínú òṣùwọ̀n kan náà. Nọ́ńbà ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó, kì í ṣe orúkọ. Omi ràdíétọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru inú ẹ́ńjìnnì tó ṣe déédéé yàtọ̀ púpọ̀, yálà Ìsẹ́yìn ló wà tàbí Lọ́ńdọ̀n. Ti nọ́ńbà iwájú, −30°C ni wọ́n ti ń dán 5W wò, òtútù tí ọyẹ́ Ṣakí kò lè mú wá láéláé, nítorí náà mo gbà pé apá kan wà nínú owó sintẹ́tíìkì tí àwa kì í jẹ àǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo Toyota Camry tí a ń pè ní Muscle: ọ́ìlì ni VVT-i inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń darí àkókò tí fáàfù ń ṣí, fi ń ṣiṣẹ́, ihò tí ọ́ìlì náà ń gbà kò fẹ̀, ọ́ìlì tó fúyẹ́ dáadáa ju 20W-50 lọ ni wọ́n sì ṣe é fún. Èyí tí mo lè fara mọ́ ni pé kí ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ, tó ń mu ọ́ìlì, lo èyí tó ki díẹ̀ sí i. Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní Amẹ́ríkà pé ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 inú Camry 2007 sí 2009 lè máa mu ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mọ́tò bá ń mu ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, tí à ń bù sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, owó ńlá ni a ń jó níná bó bá jẹ́ sintẹ́tíìkì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Òkè-Ògùn ti wá yàtọ̀ pátápátá ni eruku. Ohun tí wọ́n fi ń ta sintẹ́tíìkì fún wa ni pé ó ń pẹ́ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìtọ́jú mọ́tò Toyota ní kí àwọn mọ́tò rẹ̀ tó ń lo sintẹ́tíìkì 0W-20 rin máìlì 10,000, nǹkan bíi kìlómítà 16,000, kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé bí mọ́tò bá ń rin ojú ọ̀nà eruku tàbí tó ń fa ẹrù, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní máìlì 5,000. Eruku ti gé àǹfààní náà sí méjì. Ẹni tó ń kó iṣu àti kaṣú jáde láti oko lóṣù ọyẹ́, inú ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé. Iyanrìn tó bá gba fílítà afẹ́fẹ́ tó ti dí tàbí tó ti ya wọlé yóò máa ha pístìnì, kò sì sí ọ́ìlì kankan, olówó tàbí aláìlówó, tó lè dá a dúró. Fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì lásán tó jẹ́ ojúlówó, tí a ń pààrọ̀ ní bíi kìlómítà 5,000 pẹ̀lú fílítà tuntun, sàn ju sintẹ́tíìkì tí a fi sílẹ̀ títí tó fi di ọ̀dà lọ. Mo tẹnu mọ́ ojúlówó, torí pé ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun, wà lọ́jà wa, bí ọjà bá sì ṣe wọ́n tó ni èrè ayédèrú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ gún kẹ́ẹ̀gì òfìfo kí ẹ tó jù ú nù, kí wọ́n má bàa rọ ayédèrú sínú rẹ̀.

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò tíì pẹ́, tí kì í mu ọ́ìlì, tó sì jẹ́ pé orí ọ̀dà láti Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ló máa ń sá jù, àǹfààní sintẹ́tíìkì yóò dé ọwọ́ rẹ̀, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì náà bá ní turbo, nítorí ooru ibẹ̀ le. Kó ra nọ́ńbà tí ìwé mọ́tò sọ, kó wo àmì API lára kẹ́ẹ̀gì, kó pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ lórí ọ́ìlì lásán, kó máa fa géèjì yọ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, kó wo abẹ́ mọ́tò láàárọ̀ bóyá ó ń jò, kó sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn bó bá ti dúdú kíákíá, torí ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ló ń kó jáde. Bí owó bá wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, kó padà sí ọ́ìlì lásán tó ní nọ́ńbà kan náà, kó sì dín kìlómítà tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ kù.