Bí Ọkọ̀ Òkun Ṣe Wọ Inú Páálí

Nígbà tí mo ṣí páálí náà, n kò rí ohunkóhun tó jọ ọkọ̀ níbẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdì igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, òwú oríṣi márùn-ún, àpò ọ̀rá kéékèèké tí nǹkan bíi kóró ata kún inú wọn, àti àwòrán kan tó jẹ́ pé nígbà tí mo tẹ́ ẹ, ó bo tábìlì oúnjẹ wa tán. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ dà nínú gbogbo èyí?" Oṣù méje gbáko ló gbà mí kí n tó rí èsì fún un.

Egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń yọ. Iná lésà ti gé e mọ́ ara pákó láti ilé iṣẹ́. Ìwọ̀nba ibi tó ṣì dì mọ́ ọn ni ọ̀bẹ yóò já. Bó bá ti dúró, a ó to egungun ìhà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi dà bí ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà la ó wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ igi rírọ̀ tí kò nípọn ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ. Ti ìkejì ni igi pupa rúsúrúsú tí ojú ayé yóò máa rí, òun kò sì nípọn ju èékánná lọ.

Iwájú ọkọ̀ ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀, igi gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé, kí ó sì tún lọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ìlànà tí wọ́n fi sínú páálí ní kí n rẹ igi náà sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó rárá. Ìgbà tí mo rẹ ẹ́ mọ́jú, tí mo wá gbé e sí ẹnu kẹ́tùlù tó ń hó, tí mo ń fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀díẹ̀, ni mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti gbà. Kò dún. Ṣe ló rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo sì fi ìka dì í mọ́ ìhà ọkọ̀ títí ó fi gbẹ.

Ẹni tó bá fi ìka di igi mú báyìí yóò ní àkókò láti ronú. Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ọ̀nà yìí sọ ọkọ̀ ńlá di kékeré, kí sì ni ó fẹ́ fi ṣe?

Ère ọkọ̀ ti pẹ́ láyé. Wọ́n ti hú u nínú ibojì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ní Dẹ́nmárkì, títí dòní, wọ́n máa ń so ó rọ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bàbá ńlá èyí tó wà lórí tábìlì mi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ogun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Láti nǹkan bí ọdún 1650 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé ìdámẹ́rin ínṣì lára rẹ̀ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ ńlá. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ńlá gùn ní ìlọ́po 48 rẹ̀. Wọn kì í fi pákó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ wà ní gbangba, kí ojú lè rí bí wọ́n ṣe tò ó.

Samuel Pepys di akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọkọ̀ ogun ọba ní 1660. Kò mọ ọkọ̀ nígbà náà; kò tilẹ̀ tíì mọ ìlọ́po nínú ìṣirò dáadáa. Ní 1662 ó ní kí atukọ̀ kan máa wá kọ́ òun. Ère ọkọ̀ ló wà níwájú àwọn méjèèjì. Ohun tí wọn ì bá lọ wá nínú ẹrọ̀fọ̀ èbúté, orí tábìlì ni Pepys ti kọ́ ọ, ó sì di ọ̀gá tó ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ igi àti okùn tàn jẹ. Púpọ̀ nínú irú ère ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Greenwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Òmíràn wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis.

Lẹ́yìn àwọn akanọkọ̀ ìjọba, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló kàn, iṣẹ́ tiwọn yìí sì ni mo máa ń wò tí ọkàn mi kì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bá ara wọn jà, láti 1793 títí dé 1815, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Faransé ni wọ́n kó dè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1797 wọ́n kọ́ ọgbà kan fún wọn ní Norman Cross, nítòsí Peterborough. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju ọ̀bẹ kékeré àti oúnjẹ ojoojúmọ́ lọ. Nínú oúnjẹ náà ni wọ́n ti rí igi ọkọ̀. Eegun ẹran ni. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, wọ́n ń là á sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí pákó, wọ́n sì ń kàn án mọ́ ara igi pẹ̀lú ìṣó tí kò tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà mìíràn, irun orí ló ń di okùn ìgbòkun. Àwọn kan ń ṣe é débi pé bí èèyàn bá fa òwú kan nídìí ọkọ̀, gbogbo ìbọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn ará ìlú. Àwọn ohun tí ẹlẹ́wọ̀n Norman Cross ṣe ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peterborough.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun yẹn, ère ọkọ̀ mìíràn ti ń jíṣẹ́ tirẹ̀. Ìlú Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà báyìí, nínú ilé tí wọ́n bí William Wilberforce, aṣòfin tó gbógun ti òwò ẹrú, sí. Ọkọ̀ ẹrú kan láti Liverpool ló ṣàfihàn, Brooks ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú ní Plymouth ló kọ́kọ́ tẹ àwòrán inú rẹ̀ jáde lápá òpin 1788. Ní 1789 àwọn ti London tún un yà, wọ́n to àwòrán ènìyàn 482 síbẹ̀. Òfin ìgbà náà gbà á láyè láti kó 454. Kí òfin náà tó dé, ó ti kó 609 rí. Wọ́n kọ àyè tí wọ́n fún ọkùnrin kan síbẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ínṣì 4 ní fífẹ̀.

Thomas Clarkson, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbógun ti òwò náà, kò fi mọ sórí ìwé. Ó ní kí wọ́n fi igi ṣe ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì lẹ àwòrán àwọn ènìyàn yẹn mọ́ inú rẹ̀. Wilberforce gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ní Paris, Mirabeau, aṣòfin Faransé, ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe tòun. Ó gùn tó yáàdì kan. Ère ọkùnrin àti obìnrin kéékèèké tí wọ́n kùn ní dúdú wà nínú rẹ̀, yàrá oúnjẹ ló sì gbé e sí. Pepys wo ère ọkọ̀ kí ó lè mọ bí wọ́n ṣe kàn án. Àwọn wọ̀nyí gbé e kalẹ̀ kí ẹni tó bá jẹun níwájú rẹ̀ má lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé. Ọkọ̀ ńlá kì í ṣeé rí tán: ẹni tó dúró ní èbúté, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń rí, ẹni tó wà nínú rẹ̀, òkùnkùn ló ń rí.

Bí ère ọkọ̀ ṣe wá wọ inú páálí kò gùn ní sísọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lé ọkọ̀ onígbòkun kúrò lójú òkun, ni àárò rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, Charles G. Davis kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ẹni tó bá fẹ́ kan ère ọkọ̀ nílé, ó jáde ní 1926. Ní 1946, Model Shipways bẹ̀rẹ̀ ní New Jersey. Odindi igi tí wọ́n ti gbẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń tà; olùrà ni yóò gbẹ́ ìyókù. Billing Boats dé ní Dẹ́nmárkì ní 1958, àwọn ará Ítálì àti Spéìn náà sì wọ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú egungun ìhà tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Lójú tèmi, egungun ìhà yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wa. Èmi kò mọ igi gbẹ́. Ṣùgbọ́n àrà tí akanọkọ̀ fi ojú inú rí ti wà nínú egungun. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò fi igi bò ó, ọkọ̀ yóò sì yọ.

Èyí tí mo rà, irú tí wọ́n ń kàn ní Baltimore láyé àtijọ́ ni: ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òpó rẹ̀ méjèèjì fi ara sẹ́yìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù lójú. Ẹwà rẹ̀ ni mo rà á fún. Nígbà tí mo ń ka ìtàn irú rẹ̀ ni mo bá Henriquetta pàdé. Baltimore ni wọ́n ti kàn án, Brasil ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ẹrú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1827, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sybille mú un bó ṣe ń ti Èkó lọ sí Bahia. Ènìyàn 569 ló wà nínú rẹ̀. Ogun ń jà nílẹ̀ wa nígbà náà. Òwu ti tú, Ọ̀yọ́ ń mì. N kò nílò ẹni tí yóò sọ fún mi irú èdè tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń pe ìyá wọn nínú òkùnkùn yẹn. Ọdún márùn-ún ṣáájú ni wọ́n gba Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn tó kúrò ní Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ra Henriquetta, wọ́n pè é ní Black Joke, wọ́n sì ń fi eré ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, títí wọ́n fi dáná sun ún ní 1832.

Kí n tó fi igi bo òkè ọkọ̀ mi, mo mú ìwé funfun. Ọkọ̀ ńlá jẹ́ ìlọ́po 64 tèmi. Mo pín àyè ọkùnrin kan nínú Brooks sí ọ̀nà 64, ó wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní gígùn, mìlímítà 6 ó lé díẹ̀ ní fífẹ̀. Kò fẹ̀ tó èékánná ọmọńdinrín mi. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gé 569. Ní alẹ́ kẹrin mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń bá mi kà. A kò tíì kà dé 220 tí ọkọ̀ fi kún láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti ìhà kan dé èkejì. Henriquetta kò gùn tó mítà 30, díẹ̀ báyìí ni ọkọ̀ ńlá tí tèmi dúró fún fi jù ú lọ.

Ìyàwó mi wo ìwé tó kù lórí tábìlì. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lé àwọn ti àkọ́kọ́ lórí.