Fóyèṣadé: Ìwé, Bọ́ọ̀lù àti Ẹgbẹ́ Yale ní Ọdún 2017

Ní Akpassi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Bantè àti ní Savalou, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi àwọn ọmọ wọn nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé: ṣé ìwé ni o fẹ́ kà ni, àbí bọ́ọ̀lù ni o fẹ́ gbá? Ọmọ náà á dákẹ́, nítorí pé èsì yòówù tí ó bá fọ̀, yóò dun ẹnì kan: bàbá rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀. Àwa náà ti bi àwọn àbúrò wa ní ìbéèrè yìí rí. Ìtàn tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n orí ìbéèrè yẹn gan-an ni ó dá lé.

Ọmọ kan wà tí ó dàgbà ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Foyesade Oluokun ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè wa kò ní í béèrè ibi tí gbòǹgbò orúkọ náà wà. Bí àwa ṣe gbọ́ ọ ni pé ẹni náà fi oyè ṣe adé. Ilé-ẹ̀kọ́ Yale, ní ìlú New Haven, ni ọmọ yìí lọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń wá oyè ìwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé eré náà díẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto. Ó gùn, ó sì ní ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbé e tàbí jù ú. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú tó yáàdì mẹ́wàá, èyí tí ó fi díẹ̀ lé ní mítà mẹ́sàn-án. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá gbé e dé òpin pápá gba àmì mẹ́fà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Oluokun ni láti dènà: kí ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí ó sáré débẹ̀, kí ó sì gbé ẹni tí ó dì í mú ṣánlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo gídígbò rí mọ̀ pé agbára nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú gbọ́dọ̀ ṣáájú apá.

Yale kì í ṣe àjèjì sí eré yìí. Walter Camp, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wà lára àwọn tí ó ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 1880. Síbẹ̀, lóde òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yunifásítì bí Michigan, tí pápá rẹ̀ ń gba ènìyàn tí ó ju 100 000 lọ, ẹgbẹ́ kékeré ni Yale. Ó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tí a ń pè ní Ivy League, òfin wọn sì le. Wọn kì í fún ọmọ ní owó ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bí àìní ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìrànlọ́wọ́ tí ó máa rí gbà. Ní ọdún 2017, ìdíje mẹ́wàá péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá.

Ní ọdún 2016, ojú ti ẹgbẹ́ náà. Nínú ìdíje mẹ́wàá, méje ni wọ́n pàdánù. Ohun kan ṣoṣo ni ó tù wọ́n nínú: wọ́n parí ọdún náà nípa ṣíṣẹ́gun Harvard, 21 sí 14, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí Harvard ti ń nà wọ́n láìsinmi.

Nígbà tí ọdún 2017 dé, olùkọ́ wọn, Tony Reno, kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n fi 56 sí 28 na Lehigh, wọ́n sì tún borí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Inú ń dùn. Ìgbà náà ni wọ́n lọ bá Dartmouth, tí ìyẹn sì fi àmì kan péré borí wọn, 28 sí 27. Ẹni tí ó bá ti pàdánù báyìí rí mọ̀ pé ó ń dunni ju kí wọ́n nà wá nínà gidi lọ. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ Yale wo ẹ̀yìn bí àgbà, wọn kò sì tún ṣubú mọ́. Ìdíje mẹ́fà ni ó kù, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n borí. Ti Princeton le jù: àmì mẹ́rin péré ni ó wà láàárín wọn, 35 sí 31.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, Harvard wá bá wọn ní Yale Bowl, pápá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1914. Láti ọdún 1875 ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ti ń figagbága. Ní ọjọ́ náà, Yale gba 24, Harvard gba 3. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù méje ní ọdún tí ó kọjá ti borí mẹ́sàn-án, ó sì gba ipò kìíní láìbá ẹnikẹ́ni pín in, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1980.

Ní ọdún 2018, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó ń yan ọmọ tuntun, ènìyàn 256 ni wọ́n yàn. Oluokun ni ẹni 200. Ẹgbẹ́ Atlanta ni ó mú un, lẹ́yìn tí 199 ti kọjá níwájú rẹ̀. Ní ọdún 2021, kò sí ẹnì kankan nínú ìdíje NFL tí ó gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ tó o: ìgbà 192. Ní ọdún 2022, ó ti wọ ẹgbẹ́ Jacksonville, ó sì tún ṣe ipò kìíní pẹ̀lú 184.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ògo ẹnì kan bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba ipò kìíní ní ọdún 2017 kò fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Oyè ìwé ni wọ́n gbé lọ sílé, wọn kò sì torí ẹ̀ pàdánù ayọ̀ ọjọ́ tí wọ́n na Harvard.

Ìjọba wa náà ti dá ohun tí a ń pè ní « classes sportives » sílẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tí ó sì ń kọ́ eré ìdárayá pọ̀. Ọ̀nà ti là, ó ku kí a rìn ín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí ó lọ sí pápá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ padà sídìí ìwé. Iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀. Nígbà tí a bá sì tún fẹ́ bi àwọn àbúrò wa ní ìbéèrè àtijọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí a yí i padà: báwo ni a ṣe lè ràn ọ́ lọ́wọ́ kí o lè ṣe méjèèjì?