Bí A Bá Gé Ẹsẹ̀ Láti Ìbàdí, Ǹjẹ́ A Tún Lè Rìn?

Ẹni tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní itan ṣì ní kùkùté tí yóò kì bọ inú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá mú egungun itan, tàbí bí ọkọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ rún, dókítà lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò ní oríkèé ìbàdí, nígbà mìíràn pẹ̀lú apá kan egungun ìgbáròkó. Àwọn ará ilé a sì máa rò pé onítọ̀hún kò ní dìde mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ní 1954, ní ilẹ̀ Kánádà, Colin McLaurin ṣe irú ẹsẹ̀ kan tí a ṣì ń tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀ títí di òní. Ó ní ohun líle bí ìkarahun tí ó yí ìbàdí ká. Egungun ìdí a jókòó lé e. Bí a bá ti mú egungun yẹn kúrò, ikùn àti ìhà ni yóò gbé ìwúwo ara, èyí sì ṣòro jù.

Oríkèé 3 ni ẹsẹ̀ náà ní: ti ìbàdí, ti orúnkún àti ti ọrùn ẹsẹ̀. Ìbàdí nìkan ni ẹni náà fi ń jù ú síwájú, nítorí náà ó ń rẹ̀ ẹ́ gidigidi, ooru a sì máa mú un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pa á tì, nítorí pé ọ̀pá abẹ́ abíyá yá jù. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹlòmíràn a lo ẹsẹ̀ náà níbi iṣẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, a sì lo ọ̀pá nínú ilé.

Kí ó kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ọwọ́ ni kí ó fi gbára lé ọ̀pá, kì í ṣe abíyá, kí apá má bàa rọ.

2. Kí ó máa nu inú ìkarahun náà mọ́ lójoojúmọ́, kí ó sì fi díńgí wo awọ ara. Bí egbò bá wà, kí ó bọ́ ọ sílẹ̀, kí ó sì rí dókítà.

3. Bí ó bá sanra tàbí tí ó rù, ìkarahun náà kò ní bá a mu mọ́.

Ẹsẹ̀ tí a gé lè máa dùn ún bí ẹni pé ó ṣì wà. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Ọpọlọ ni kò tí ì gbàgbé. Kí ó sọ fún dókítà, nítorí ìtọ́jú wà. Kí ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, nítorí àwọn kan ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ tí kò sí dìde lóru, wọ́n sì ṣubú.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe kánjú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.