Fífún ọmọ lọ́mú ní ìlú Ẹdẹ

Fífún ọmọ lọ́mú jẹ́ àṣà tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn abiyamọ ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá yòókù. Ohun tí ó ń fa àríyànjiyàn níbẹ̀ kì í ṣe ọmú fúnra rẹ̀ bí kò ṣe omi: ṣé ó yẹ kí a fún ìkókó ní omi mọ́ ọmú?

Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú láàrin wákàtí 1 tí a bí i, kí ó sì mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìfi omi pàápàá kún un. Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ bí ògì yóò bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ yóò sì máa mu ọmú lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ní 2018 fi hàn pé 29% péré nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù 6 ni ó ń mu ọmú nìkan. Ní 2013, 17% ni.

Ìyá ọkọ tàbí ìyá abiyamọ ni ó sábà máa ń wẹ ìkókó. Nígbà ìwẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ ọmọ ní omi tàbí àgbo, nítorí ìgbàgbọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ àti pé àgbo ń wo inú rírun. Omi kì í sì í ṣe ohun lásán ní Ẹdẹ. Odò Ọ̀ṣun ṣàn lẹ́bàá ìlú náà, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì gbà pé Ọ̀ṣun ni ó ń fúnni lọ́mọ, tí ó sì ń fi omi rẹ̀ tọ́jú wọn. Abiyamọ tí ó bá ní kí wọ́n má fún ọmọ òun lómi lè dà bí ìkà lójú àwọn àgbà ilé.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí Yorùbá ń pe wàrà abiyamọ, omi ọmú, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà: ó ju 85% rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ omi. Inú ìkókó kéré. Omi tí a bá rọ sí i ń gba ààyè ọmú, bí ọmọ kò bá sì fa ọmú dáadáa, omi ọmú yóò máa dín kù. Omi tí kò mọ́ tún lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fún omi ọmú àkọ́kọ́, tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, dànù pé ó dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó kún fún ohun tí ń gbógun ti àrùn.

Ní ti iye ọdún, àwọn ìyá àgbà àti àjọ náà kò takora. Ìwádìí John àti Pat Caldwell, tí ó jáde ní 1977, ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń yẹra fún ọkọ wọn ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú, kí oyún mìíràn má bàa tètè dé. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹdẹ láti ìgbà Tìmì Àbíbù Lágùnjú ní sẹ́ńtúrì 19, Kùránì náà (Súrà Baqarah, ẹsẹ 233) sì sọ ọdún 2 gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ààyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹni tí ń tajà fúnra rẹ̀ ní ọjà kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.