Ààbò àwọn ọmọ adití lórí íńtánẹ́ẹ̀tì

Àwọn kókó pàtàkì

• Nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ọmọdé lágbàáyé ni ó nílò ìtọ́jú nítorí ìṣòro etí tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa.
• Òbí tí kì í ṣe adití ni ó bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ adití. Púpọ̀ nínú irú òbí bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè adití.
• Ọmọ tí ó ní àgbàlagbà kan nílé tí ó lè bá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ ni ó rọrùn jù lọ láti dáàbò bò.

Ohun tí ó ń fa ewu

Ọmọ tí kì í ṣe adití a máa gbọ́ nípa àwọn oníjìbìtì lórí rédíò, nínú ọkọ̀, àti lẹ́nu àwọn àgbà tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ adití, àfi bí ẹnìkan bá dìídì sọ ọ́ fún un. Bákan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ̀pọ̀ ìlànà ààbò orí fóònù ní Nàìjíríà, èyí tí ó lè ṣòro fún ọmọ tí ó jẹ́ pé èdè adití ni ó mọ̀ jù.

Ìdáwà tún ń dá kún un. Àjèjì tí ó gbọ́ èdè adití lè tètè di ọ̀rẹ́ ọmọ tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé. Yóò yìn ín, yóò ra dátà fún un, lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè àwòrán ìhòòhò. Bí àwòrán náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìhàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìpè fídíò ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ adití fi ń sọ̀rọ̀. Ojú ọmọ, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti inú ilé rẹ̀ a sì máa hàn. Bí ìpè bá parí, kì í sábà sí àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ.

Ohun tí òbí àti olùkọ́ lè ṣe

• Ẹ kọ́ èdè adití. Ẹ rí i pé ẹ̀yin àti ọmọ náà jọ mọ àmì fún “ìhàlẹ̀”, “àṣírí” àti àwọn ẹ̀yà ara ìkọ̀kọ̀.
• Ẹ jọ ṣètò fóònù náà kí àwọn tí ọmọ mọ̀ nìkan lè pè é. Ẹ fi hàn án bí a ṣe ń dí àjèjì lọ́nà.
• Ẹ kọ́ ọ kí ó máa jókòó síwájú ògiri lásán bí ó bá ń ṣe ìpè fídíò, kí ó má sì wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́.
• Bí ọmọ bá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gba fóònù rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé wọn yóò gbà á kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ fi ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má ṣe san owó fún ẹni tí ó ń halẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tí ó ń lò, ọjọ́ àti aago, sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi àwòrán ìhòòhò ọmọ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí à ń pè ní Take It Down lè ṣèrànwọ́ láti dá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dúró lórí àwọn ìkànnì kan, láìjẹ́ pé àwòrán náà kúrò lórí fóònù.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ka àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé àti ìhàlẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. A lè fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ tí ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ bèèrè fún ògbufọ̀ èdè adití tí kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ẹni tí a fura sí, kí ọmọ náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀.