Yíyan Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Adó-Èkìtì ni ó ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí a lè fi gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì, kí a sì lè fi gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà ìlú. Iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tí kò yé wa lónìí, a lè tún bi olùkọ́ léèrè lọ́la. Ṣùgbọ́n arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí ó ń ròyìn àwọn Ewì ìgbàanì fún wa, ta ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ó tún bá a láyé? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe yan ẹ̀rọ.

Etí ẹ̀rọ náà, èyíinì ni maikirofóònù rẹ̀, ni ó ṣe pàtàkì jù. Àwa ará Èkìtì a máa pe ilé ní ulé. Fáwẹ́lì kékeré tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà ni ó fi ohùn ìlú wa hàn, irú rẹ̀ gan-an ni ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń gbé mì. Ní gbangba, bí a bá sọ àlàfo tí ó wà láàrin ẹnu àti ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, agbára ohùn tí yóò dé ibẹ̀ kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ariwo kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dín. Nítorí náà ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ó wà nítòsí ẹnu sàn ju olówó ńlá tí a gbé sí igun yàrá. Èyí tí ó ní ihò tí a lè ki maikirofóònù kékeré bọ̀, kí a fi há ọrùn aṣọ bàbá, ni àwa yóò rà.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ń tún ìgbọ́ràn wọn ṣe fúnra wọn. Bí bàbá bá dákẹ́ láti ronú, wọn a na etí, igbe ewúrẹ́ a sì gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ wá èyí tí a lè pa àṣà náà mọ́ lára.

Fún ẹ̀kọ́ kíláàsì, fáìlì MP3 tó. Wákàtí kan kò tó 60 mẹgabáìtì bí a bá lo 128 kbps. Fún àwọn àgbà, ẹ lo WAV, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan lè gba nǹkan bí 320. Ohun tí MP3 bá gé dànù kì í padà.

Ẹ ra èyí tí ń lo bátìrì tí a ń tà lọ́jà, nítorí iná mànàmáná kì í dágbére kí ó tó lọ. Fóònù náà ń gba ohùn, àwa kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè wá láàrin ìtàn lè da iṣẹ́ rú.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ìbá tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Òyìnbó. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Fáìlì ohùn kì í ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kí a tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí a gbà á, kí a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Kí a sì ti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, kí òun fúnra rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.