HÓÒNÙ KAN ṢOṢO DA GBOGBO NǸKAN RÚ NÍ MUNICH
Collins ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta di ìjà ọdún gbọọrọ

Doug Collins ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó kù díẹ̀ kó jù ú, àfi pàà! tí hóònù dún láti ìdí tábìlì àwọn akọ̀wé eré.

Ẹlòmíì ìbá ta gìrì. Collins kò ta gìrì. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ ọdún 21, orí sì ṣì ń fọ́ ọ lọ́wọ́, nítorí kò tíì pẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ Rọ́ṣíà kan gbá a lu ìdí òpó tó gbé agbọ̀n dúró. Ó ju bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ti fẹ́ jù ú tẹ́lẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Amẹ́ríkà 50, Rọ́ṣíà 49. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló kù kí eré parí.

Ìlú Munich, nílẹ̀ Jámánì, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lóru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1972. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Òlíḿpíìkì ni, èyí táwọn ọmọ iléèwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò fìgbà kankan gbà fún ara wọn lórí hóònù yẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í ráyè wo eré bọ́ọ̀lù, ẹ má ì tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ẹni tó ń tà tó ń rà ni. Bí àṣìṣe bá wáyé, ìgbà wo ló yẹ kéèyàn pariwo? Ta ló sì láṣẹ láti tún un ṣe?

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE RÍ

Eré náà kò le. Èèyàn márùn-ún dojú kọ èèyàn márùn-ún. Agbọ̀n kan wà lápá ìhín, òmíràn wà lápá ọ̀hún, ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ga sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù lọ sínú agbọ̀n, tí ọmọ ẹgbẹ́ kejì wá ṣe é ní fáwùlù, rẹfirí á fún un ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ó fẹ́ jọ pẹ̀nárítì inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ kò sí gólì tó máa mú un. Á dúró sídìí ìlà tó fi ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógún jìnnà sí pátákó agbọ̀n, gbogbo èèyàn á dákẹ́ máa wò ó, á jù ú. Èyí tó bá wọlé, pọ́íǹtì kan ni.

Àwọn kan wà tó jókòó sídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọ̀kan ń kọ pọ́íǹtì sílẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ aago. Àwọn ló ni hóònù. Ṣùgbọ́n hóònù akọ̀wé kì í dá eré dúró o! Ó kàn ń pe rẹfirí ni, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá pé oníbàárà ti dé. Fèrè ẹnu rẹfirí ló ń dá eré dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Òlíḿpíìkì ọdún náà ti lẹ́jẹ̀ lára kó tó di ọjọ́ àṣekágbá yìí. Ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6 oṣù kan náà làwọn agbébọn Palestine pa èèyàn 11 nínú ikọ̀ Israel. Fún Nàìjíríà, ayọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí Isaac Ikhouria gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí gbogbo ayé wá mọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni l'Ékòó nígbà yẹn, kò tíì mọ nǹkan tó ń jẹ́ agbọ̀n.

Amẹ́ríkà ló ni eré yìí. Láti ọdún 1936 tó ti wọ Òlíḿpíìkì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti wọ pápá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n sì borí. Soviet Union, tí gbogbo ayé kàn ń pè ní Rọ́ṣíà, ti ń dọdẹ wọn tipẹ́. Lóru ọjọ́ yìí, ọwọ́ fẹ́ bà wọ́n. Rọ́ṣíà ló ń léwájú ṣáá, títí tó fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí Collins já bọ́ọ̀lù kan tí Alexander Belov ń jù sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, tó sáré tete lọ síwájú agbọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá a ṣubú.

Nígbà tí Collins wà nílẹ̀, àwọn igbákejì kóòṣì ń rò ó pé bóyá kí ẹlòmíì bá a ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ náà. Hank Iba, baba àgbà tó jẹ́ olórí kóòṣì wọn, ní bí Collins bá ti lè rìn, òun ni yóò jù ú. Ó dìde, ó ju àkọ́kọ́, 49 sí 49. Ìgbà tó gbé èkejì ni hóònù dún.

TA LÓ NÍ KÍ WỌ́N FỌN ỌN?

Àwọn Rọ́ṣíà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Vladimir Kondrashin, kóòṣì wọn, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ti tọrọ ìdádúró, ìyẹn àyè ráńpẹ́ tí ẹgbẹ́ fi ń gbìmọ̀, kí Collins tó ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ rẹ̀ tán. Òfin ìgbà yẹn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fún wọn kó tó ju àkọ́kọ́, wọ́n sì lè fún wọn láàrin àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ṣùgbọ́n bí ìkejì bá ti lọ, àyè ti tì nìyẹn. Hóònù wá dún nígbà tí bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú. Ó pẹ́ jù fún Rọ́ṣíà, ó sì yá jù fún Collins.

Renato Righetto, ọmọ Bùràsíìlì, ni olórí rẹfirí. Hóònù dún, ó yíjú sí tábìlì. Àmọ́ kò dá eré dúró.

Ibẹ̀ gan-an niná ti ràn. Fèrè ẹ̀ẹ̀kan péré ni ì bá gbà á. Kó ní kí Collins ṣe sùúrù, kó lọ sídìí tábìlì, kó bi wọ́n pé, "Kí lẹ fọn hóònù fún?" Bó bá jẹ́ pé Rọ́ṣíà ti tọrọ ìdádúró lóòótọ́, kí wọ́n fún wọn. Bí wọn ò bá tọrọ, kí Collins máa ju tiẹ̀ lọ. Aago kò rìn lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá pàdánù nǹkan kan. Aránṣọ tó bá wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí gígùn tí kò yẹ, tí kò tíì ki sáàsì bọ̀ ọ́, kí ló bàjẹ́?

Sáàsì ti bọ̀ ọ́. Rọ́ṣíà gbé bọ́ọ̀lù wọ pápá, aago ń sáré. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, rẹfirí kejì, Artenik Arabadjian, ọmọ Bọ̀lìgéríà, dá eré dúró, torí àwọn Rọ́ṣíà ti ya bo ìdí tábìlì, wọ́n ń pariwo pé àwọn tọrọ ìdádúró. Àwọn rẹfirí fikùn lukùn, wọ́n ní kí wọ́n máa bá a lọ láti ibi tó kù sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bí William Jones ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun sì ni akọ̀wé àgbà FIBA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé. Ó wá láti àárín àwọn òǹwòran, ó ní kí wọ́n dá aago padà sí mẹ́ta. Òfin kò fún un láṣẹ láti dá sí eré tó ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọjú sí baálé nínú àgbàlá baálé? Wọ́n dá aago padà.

Àbí wọ́n dá a padà tán? Ẹni tó ń ṣọ́ aago ṣì ń yí i lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní kí eré bẹ̀rẹ̀. Rọ́ṣíà ju bọ́ọ̀lù, kò wọlé, hóònù dún, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bá fò mọ́ra wọn, èrò ya wọ pápá. Wọ́n ní rárá o, aago kò tíì tọ́ nígbà tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ padà wá!

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ivan Edeshko ju bọ́ọ̀lù láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun kejì. Belov, Belov tí Collins já bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà, fò sókè láàrin ọmọ Amẹ́ríkà méjì, ó há a. Àwọn méjèèjì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kọjá. Ó ku òun nìkan lábẹ́ agbọ̀n, ó fọwọ́ tì í wọlé. Rọ́ṣíà 51, Amẹ́ríkà 50.

KÍ LÒFIN WÍ LÓNÌÍ?

Lónìí, òfin FIBA dárúkọ àwọn àṣìṣe tí rẹfirí lè padà sẹ́yìn tún ṣe. Bí wọ́n bá fún ẹni tí kò tọ́ sí ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, bí wọ́n bá fi du ẹni tó tọ́ sí, bí ẹlòmíì bá lọ jù ú dípò olóhun, tàbí bí wọ́n bá kọ pọ́íǹtì tí kò sí sílẹ̀, tàbí tí wọ́n pa èyí tó wà rẹ́. Ṣùgbọ́n gbèdéke wà. Lẹ́yìn àṣìṣe náà, bí aago bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí eré bá tún dúró ni àyè tó kẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá fi lè padà sẹ́nu eré lẹ́yìn ìdúró yẹn tẹ́nikẹ́ni ò rí i, ó ti bọ́.

Ìyá tó ń ta gàrí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdí igbá ni wọ́n ti ń ka ṣéńjì. Ẹni tó gba ṣéńjì, tó gba ìsọ̀ aláta, tó ra ata, tó dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja kó tó rántí pé owó kò pé, ta ni kó dá a lóhùn?

Èyí tó máa ń dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ jù ni ti ẹni tí kì í ṣe olóhun. Wọ́n ṣe Lágbájá ní fáwùlù, ṣùgbọ́n Lágbájá kò mọ bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ jù. Làkásègbè tó mọ̀ ọ́n jù bá yọ́ kẹ́lẹ́ lọ dúró sídìí ìlà. Bí rẹfirí bá rí i kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á kàn ní kó kúrò níbẹ̀, kí olóhun wá, kò sí ìyà kankan. Bó bá jù ú tán kí wọ́n tó rí i, bọ́ọ̀lù náà ì báà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fagi lé e, wọ́n á sì gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Àfi tí olóhun bá fara pa tí kò lè jù ú. Ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ló máa bá a jù ú. Ìdí nìyí tó fi jọjú pé Collins dìde.

Bí rẹfirí bá gbàgbé láti fún ẹgbẹ́ kan ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, tó ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá, tí wọ́n sì fi ìyẹn jẹ pọ́íǹtì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ti yó, wọn kì í tún bu oúnjẹ míì fún wọn. Pọ́íǹtì, fáwùlù, àti àsìkò tó ti lọ láàrin àṣìṣe àti ìgbà tí wọ́n rí i, gbogbo rẹ̀ ló dúró. Rẹfirí kì í dá aago padà torí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó ti gbàgbé.

Ìdádúró tí wọn ò fún èèyàn kò sí lára àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn. Ká ní òfin òní ni wọ́n lò ní Munich, ìjà ì bá má tilẹ̀ sí, torí bí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó kẹ́yìn bá wọlé lónìí, ẹgbẹ́ tó bá wù ú nínú àwọn méjèèjì lè gba ìdádúró. Ní àwọn ìdíje ńlá, àwọn rẹfirí tún láǹfààní láti wo fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Amẹ́ríkà pẹjọ́. Èèyàn márùn-ún ló jókòó gbọ́ ọ. Àwọn tó wá láti Họ́ngárì, Pólàńdì àti Kúbà ní Rọ́ṣíà ló ni ín. Àwọn tó wá láti Ítálì àti Puerto Rico ní Amẹ́ríkà ni. Mẹ́ta sí méjì. Ẹni tó bá rántí bí ayé ṣe pín nígbà yẹn, ta ń ṣe ti Rọ́ṣíà, ta ń ṣe ti Amẹ́ríkà, kò ní í béèrè púpọ̀. Righetto fúnra rẹ̀ kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé eré náà. Hank Iba ní tiẹ̀, inú hílàhílo òru yẹn náà làwọn jáwójáwó ti yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì lápò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín àmì ẹ̀yẹ, àyè àwọn Amẹ́ríkà ṣófo. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjìlá tó wá gba fàdákà. Belov tó jẹ pọ́íǹtì yẹn kú ní ọdún 1978, ọmọ ọdún 26 péré. Kenny Davis, balógun ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé lẹ́yìn òun, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun kò gbọdọ̀ gba fàdákà náà láéláé.